Ìyá Inísà Tó Ń San Owó Orí Òkú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ṣì jẹ́ agbowó orí ní Ìkìrun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ṣùgbọ́n lánàá, lọ́sàn-án gangan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi, ó sì pe orúkọ mi. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ èémí ara mi. Ni gbogbo rẹ̀ bá jí padà nínú mi. Mo ní rárá o, màá sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa bú mi torí pé mo ní agbowó orí ni mí! Èmi náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn wa. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ni. Ìpínlẹ̀ tuntun, kò sówó, kò sí mọ́tò, òrùlé ọ́fíìsì wa ń jò sórí tábìlì. Ni àwọn ọ̀gá ní Òṣogbo bá ní kí a máa wá owó níbikíbi tí owó bá fara pamọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan àwọn sójà àbọ̀ṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ ò mọ sójà àbọ̀ṣẹ́? Àwọn tó ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun ni, tí kálukú ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nílé, àmọ́ tí orúkọ wọn ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Lọ́dọọdún, wọ́n á pè wọ́n lọ sí bárékè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún kọ́ wọn níbọn, wọ́n á sì fún wọn lówó. Orí owó yẹn gan-an ni wọ́n ní kí a ti máa gba owó orí. Háà! Ẹ lọ bá ẹni tó ti jagun rí, níwájú ìyàwó àtọmọ rẹ̀, kí ẹ ní kó san owó orí lórí owó tó fi oorun ilẹ̀ gbà! Ọ̀kan nínú wọn ní ìlú Ìbà fi bẹ́líìtì lé mi dé ojú títì. Mò ń sá lọ, mò ń dá a lóhùn. Mo lẹ́nu nígbà yẹn o.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹ wo bí ẹnu ṣe yà wá tó lọ́jọ́ tí màmá àgbà kan fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé, tí wọ́n ní àwọn wá san owó orí sójà àbọ̀ṣẹ́.

Ọ̀sán ni. Oòrùn mú débi pé ajá kò lè jáde. Màmá wọ ìró àdìrẹ tó ti ṣá, wọ́n so owó mọ́ etí rẹ̀. Wọ́n kí wa tán, wọ́n ní láti Inísà làwọn ti wá, owó orí ọmọ àwọn tó ń jẹ́ Dúrósinmí làwọn fẹ́ san. Inú mi dùn! Mo sáré fi ìró mi nu àga fún wọn. Mo wá bi wọ́n pé ṣé ara ọmọ yẹn ò yá ni, tí kò fi lè wá fúnra rẹ̀.

Màmá wò mí. Wọ́n ní, "Ó ti kú."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n òkú kì í san owó orí."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Wọ́n sì ń tú etí ìró wọn lọ.

Ọ̀gá wa, Alhájì kan tó fẹ́ràn obì ju oúnjẹ lọ, dá ẹnu dúró. Wọ́n ní kí Màmá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ohun tí Màmá sọ nìyí o.

Àwọn ọmọ tó ṣíwájú Dúrósinmí, àbíkú ni gbogbo wọn. Wọ́n ń wá, wọ́n ń lọ. Nígbà tí òun dé, wọ́n gé e létí díẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run má baà dá a mọ̀ mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Ó dúró. Ó dàgbà, ó ṣe sójà, ó kúrò níbẹ̀, ó di sójà àbọ̀ṣẹ́. Lọ́dún kan, wọ́n pè wọ́n sí bárékè lókè ọya. Ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ já sínú odò. Ẹnì kan ló gbé báàgì rẹ̀ wá sílé, tó ní kò sẹ́ni tó yè.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Àwọn ọkùnrin agbo ilé ti ara wọn mọ́ yàrá, wọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n lọ sí oko, wọ́n dé, wọ́n sì ní kí Màmá má béèrè ohunkóhun. Màmá ò béèrè. Tí Màmá bá béèrè ni, ohun tí èmi wá gbọ́ lẹ́yìn náà ni wọn ì bá gbọ́, pé báàgì yẹn nìkan ni àwọn ọkùnrin náà lọ rì mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí òkú kankan.

Ó ti lé lọ́dún dáadáa lẹ́yìn náà kí ìyá kan tó ń kiri aṣọ tó rí Dúrósinmí ní Òkukù, tó jókòó sẹ́bàá títì, tó ń tún rédíò ṣe. Ó pè é. Dúrósinmí ń yíjú bọ̀. Ìyá aláṣọ ò dúró kí ojú wọn pàdé, ó ju ẹrù nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, kò wẹ̀yìn wò títí tó fi dé Inísà! Gbogbo ìlú bá ní ọ̀rọ̀ ti yé àwọn: Dúrósinmí ti di àkúdàáyà.

Bí a bá rí ọmọ ìsinsìnyí tí kò mọ èyí, ẹni tó kú níhìn-ín, tó wá lọ ń gbé ìlú mìíràn bí alààyè, là ń pè ní àkúdàáyà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè bá a jẹ, kó bá a mu, kò séwu. Àmọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó kú bá fojú kàn án, ó parẹ́ nìyẹn. Á tún lọ tẹ̀dó sí ibi tó jìnnà sí i.

"Ẹ wò ó," Màmá ní, "Òkukù sún mọ́ mi. Àwọn awakọ̀ tí kì í ṣe ọmọ Inísà ló ń sọ fún mi pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó bà á jẹ́."

Àwa kẹ̀! Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kì í ṣe àwa là ń dènà sójú títì Òkukù, tí à ń bi èèyàn pé rìsíìtì owó orí rẹ dà? Ẹni tí kò bá ní, ṣebí a ó kó o sínú ọkọ̀ wá sí Ìkìrun ni. Inísà sì ń ná ọjà Ìkìrun. Ará ilé kan á rí i, ó parí. Nítorí náà, kí a gba owó yìí, kí a já rìsíìtì, kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Inísà sì bá àwọn gbé e fún un.

Màmá wá nawọ́ sí mi. "Ìwọ yìí, ọmọ mi, o ò mọ̀ ọ́n rí. Ìwọ lo lè lọ. Má bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ o, má sì sọ pé èmi ni."

Alhájì kàn ń sọ pé "Láhílà! Láhílà!" Wọ́n já rìsíìtì ọ̀hún fúnra wọn. Nígbà tí Màmá lọ tán, mo ní, "Ọ̀gá, orúkọ ọkùnrin yìí ṣì wà lára àwọn tí bárékè ń sanwó fún. Ṣé àkúdàáyà ń gbowó lọ́wọ́ ìjọba ni?"

Alhájì ní, "Ọmọ yìí, òkú tó ń gbowó ìjọba ní orílẹ̀-èdè yìí kò lóǹkà. Èyí tó ń san owó orí ni mi ò rí rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ orí mi ti wú.

Mo ti di àtúnbí nígbà yẹn o. Mo lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú pé kò sí nǹkan kan tó ń jẹ́ àkúdàáyà. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí, kí ni mò ń sọ nínú bọ́ọ̀sì láti Ìkìrun dé Òkukù? "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Obìnrin tó jókòó tì mí tiẹ̀ bi mí bóyá mò ń rọbí.

Mo rí ṣọ́ọ̀bù náà. Páànù ni wọ́n fi kàn án, rédíò tó ti tú palẹ̀ kún inú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń kùn lóun nìkan, kò sọ̀rọ̀, kò kọrin. Ọkùnrin kan tẹrí ba sídìí iṣẹ́. Ẹ mọ ibi tí mo kọ́kọ́ wò? Ẹsẹ̀ ni! Wọ́n ní ẹsẹ̀ òkú kì í kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀. Èkejì wọ́, ó rọ̀ sílẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàsán o, àǹtí. Rédíò yín dà?"

Ó gé létí. Ó sì ń làágùn. Òógùn ń ṣàn láti orí rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. Mo rò ó nínú ara mi pé, òkú wo ló ń làágùn báyìí? Mo na rìsíìtì sí i. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní ta ló san án. Wọ́n ní kí n má sọ, àmọ́ ẹnu mi ti sọ ọ́: "Ìyá yín ni."

Irin tó fi ń jó wáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jó o létí aṣọ, kò mọ̀. Ó ní ṣé ìyá òun ló ní kí n wá wo òun. Mo ní rárá, wọ́n ní kí n má tilẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkùnrin tó ti gbébọn rí! Mo jókòó sórí àpótí.

Ó ní òun yè nínú odò yẹn. Àwọn apẹja ló gbé òun, ẹsẹ̀ òun sì ti fọ́ yángá. Ó pẹ́ ní ọsibítù lọ́nà jíjìn kó tó lè rìn. Ọjọ́ tó wá délé ní Inísà, ọ̀sán gangan ni, gbogbo agbo ilé ti lọ sóko. Ó kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, èmi Dúrósinmí ni."

"Mo gbọ́ tí wọ́n ń mí," ló sọ fún mi. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n wà. Mo tún pè wọ́n. Mo gbọ́ èémí wọn. Wọn ò dáhùn."

Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lódò wá rí i lójú ọ̀nà, wọ́n da omi nù, wọ́n pariwo, wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ lù ú. Ó tiro wọ igbó lọ. Kí àwọn ọkùnrin tó dé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ ti mọ ohun tí ìlú sọ: ó ti parẹ́!

Mo ní ṣé inú ò bí i sí ìyá rẹ̀. Ó ní kí ni yóò bí òun nínú. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè òkú? Ẹni tó bá jẹ́ ẹ á bá òkú lọ. Ó ní bó bá jẹ́ òun ni, òun náà kò ní dáhùn. Ó kàn wá dúró sí Òkukù torí pé ibẹ̀ ni òun ti lè máa gbúròó wọn lẹ́nu àwọn awakọ̀. Ẹ gbọ́ o! Àwọn awakọ̀ kan náà tí Màmá ń bi léèrè òun, òun náà ń bi wọ́n léèrè Màmá. Àárín ìyá àtọmọ kò ju ìrìn bọ́ọ̀sì kékeré lọ!

Inú bí mi. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ mí. Mo gba Inísà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bá Màmá níwájú ilé, mi ò tiẹ̀ kí wọn dáadáa. Mo ní, "Màmá, ọmọ yín wà láàyè! Mo rí i, mo pè é, kò parẹ́. Ó ń làágùn!"

Wọ́n ní, "Ìwọ pè é, kò parẹ́, torí o ò mọ̀ ọ́n rí."

Mo ní, "Màmá, mo ti sọ ọ́ fún yín, òkú kì í san owó orí!"

Wọ́n ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń san án fún un. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń san án, kò tíì sí lára àwọn òkú."

Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ wá fojú ara yín rí i. Màmá di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn tutù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí mo bá wò ó, tó bá lọ ńkọ́? Mo ti bí i lọ bí i bọ̀. Ṣé ìwọ ni wàá bá mi wá a?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, Bíbélì wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, mi ò lè ní kí wọ́n lọ wò ó mọ́. Ohun kan nínú mi ní, tó bá wá parẹ́ lóòótọ́ ńkọ́? Ta ló fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò?

A jókòó. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu lẹ́sẹ̀ wa. Ìgbà tó yá, Màmá ní, "Ojú ni wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹnikẹ́ni ò sọ ti ọwọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi gèlè di Màmá lójú o! Mo fà wọ́n lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Òkukù, àwọn èèyàn ń yà fún wa, wọ́n rò pé afọ́jú ni wọ́n. Dúrósinmí rí wa lókèèrè, ó dìde, ó fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ ò gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Màmá ò mọ̀ pé ó ti dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ wọn ń wá a lókè. Èmi ni mo fa ọwọ́ náà sísàlẹ̀. Wọ́n gbá orí rẹ̀ mú. Wọ́n wá etí, ọwọ́ wọn kan ibi tí wọ́n gé.

Wọ́n ní, "O ti rù."

Mo sunkún débi pé ọlọ́kadà kan dúró, ó ní ta ló kú.

Mo rò pé wọ́n á tú gèlè yẹn lọ́jọ́ náà. Wọn ò tú u. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni Màmá ń lọ sí Òkukù. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí ọmọ wọn kí wọ́n tó tú gèlè, wọ́n á kọjú sí páànù, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí. Dúrósinmí á máa tún rédíò ṣe. Wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn.

Díẹ̀díẹ̀, ará Inísà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Àwọn ọkùnrin tó ri báàgì mọ́lẹ̀ wá wò ó, kò parẹ́. Ìyá aláṣọ tiẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́, ó sì wá béèrè ẹrù rẹ̀! Gbogbo wọn lọ bá Màmá, wọ́n ní àwọn ti rí i, alààyè ni, kí wọ́n yíjú. Màmá ní, "Ẹ̀yin lè fi í dán an wò. Èmi ò lè fi í dán an wò." Wọ́n sì ń bá ẹ̀gúsí wọn lọ. Lọ́dọọdún, wọ́n tún ń wá san owó orí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa san án fúnra òun, wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Báyìí la ṣe wà títí ọjọ́ ogbó fi dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Òwúrọ̀ ni, oòrùn ti wọ yàrá. Dúrósinmí jókòó sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì níbi tí ojú wọn ò ti lè kàn án, ó ti mọ̀ ọ́n lára. Màmá ní kó bọ́ síwájú. Ó sáré mú gèlè. Wọ́n ní kó gbé e sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Èmi ni mò ń lọ báyìí. Kò lè ṣáájú mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó wá kúnlẹ̀ síwájú wọn. Ẹ gbà mí gbọ́, mo di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Títí dé ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé á parẹ́! Màmá wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́. Kò lọ síbì kankan.

Wọ́n ní, "Dúrósinmí. O ti hewú."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi."

Wọ́n ń wò ó títí ojú wọn fi rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti lọ. Ọmọ wọn ló sin wọ́n, ó ń tiro lẹ́yìn pósí, ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ òun.

Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti kó wá sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n tí ilé bá dá lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ èémí obìnrin kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni mo lè sọ: ìfẹ́ pàápàá lè dẹ́rù bani débi pé a ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tí a fẹ́ràn, kí a máa pè é ní ààbò. Ẹ yíjú. Ẹ wo èèyàn yín nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ wà nítòsí rẹ̀ tí ẹ ò lè wò lójú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má tijú. Ní ti ẹni tó kan ilẹ̀kùn mi lánàá, mo ṣí i nígbẹ̀yìn o. Ìyá aládùúgbò mi ló wá tọrọ iyọ̀. Mo wò ó lójú títí tó fi ní kí ló dé, ṣé nǹkan wà lójú òun ni? Ẹ pè mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo máa dáhùn.